Gílóòbù Tó Dípò Fíúsì

Rewáyà, ẹni tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe, fi ìka méjì mú fíúsì náà, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó di ojú kan. Irin tín-ín-rín tó wà nínú rẹ̀ ti já láàárín, ibi tó ti já sì dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ó ti jó," ló wí.

"Èmi náà mọ̀ pé ó ti jó," ni bàbá rẹ̀ dáhùn láti orí òrùlé, níbi tó ti ń kan páànù kan tí atẹ́gùn ṣí. "Ṣebí ìyá ẹ ló wọ ọkọ̀ lánàá."

Rewáyà ju òkú fíúsì náà sínú agolo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Agolo náà ti ń kún. Aláwọ̀ ewé ni gbogbo wọn, oríṣi kan ṣoṣo tó ń ṣọ́ gíláàsì fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ bàbá rẹ̀, kò sì sí èyí tó kú ikú ọjọ́ ogbó nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà kì í ṣe èyí tí rewáyà lè rò fún rewáyà ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí bàbá nìkan bá wà á, gíláàsì á máa lọ sókè, á máa sọ̀ kalẹ̀, láìjanpata. Bí Rewáyà fúnra rẹ̀ bá wà á, bákan náà ni. Bí wọ́n bá fi gbé aládùúgbò, bí wọ́n bá fi kó ẹrù, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ti lè wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, tí bàbá sì na ìka sí bọ́tìnnì kí atẹ́gùn lè wọlé, ó parí. Gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á di ògiri. Wọ́n á fi òógùn wẹ̀ títí wọ́n á fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n á pààrọ̀ fíúsì, nǹkan á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ déédéé, ó di ọjọ́ tí ìyá bá tún jáde.

"Ọkọ̀ yìí ò fẹ́ràn mi," ni ìyá máa ń wí. "Ẹ tà á, ẹ jẹ́ kí n sinmi."

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rín ni wọ́n fi í rín. Nígbà tó yá, ìyá kò bá wọn rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dá lílọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì ìlú dúró, ó dá ìpàdé àwọn aránṣọ dúró. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, á ní ooru inú ọkọ̀ ni ò jẹ́. Ọkọ̀ náà nìkan ló sì ń gbé e jáde nílé. Tọkọtaya wá fẹnu kò lọ́sẹ̀ yìí pé kí Tísà wá wò ó, kó rà á. Tísà yìí ti fẹ̀yìn tì, òpópónà kejì ló ń gbé, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ta ojú sí ọkọ̀ náà. Ọ̀sán òní ló ń bọ̀. Bí Rewáyà bá rí ìdí ọ̀rọ̀ kó tó dé, ọkọ̀ ò lọ síbì kankan. Bí kò bá rí i, Tísà á wà á lọ, ìyá á sì jókòó sílé.

Ohun tó mú kí Rewáyà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lówùúrọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ọkọ̀ ló ń rò. Ìyá rẹ̀ ló ń rò, ìyá tí gbogbo àdúgbò mọ ẹ̀rín rẹ̀, bó ṣe máa wá di ẹni tó ń ti ojú fèrèsé wo ìta. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà ń yún un nínú bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ sí láṣọ. Báwo ni fíúsì ṣe ń dá èèyàn mọ̀?

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kó kanlẹ̀, sùúrù rẹ̀ tán, ó bẹ́ sílẹ̀, gbì, ó sì gbọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Bàámi, ẹ rọra o! Ẹ kì í ṣe ọmọdé mọ́."

"Kí ló fẹ́ ṣe mí? Wá iṣẹ́ ẹ ṣe, jọ̀ọ́."

Rewáyà yí ọkọ̀ náà po. Ó ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn kó tó lè gba apá òsì kọjá, nítorí pé ọkọ̀ náà wà láàárín àgbàlá gbọnrangandan, ó jìnnà sí ògiri, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí àwọn ìkòkò òdòdó ní apá kejì. Ọ̀ràn ẹ̀rín lèyí náà. Ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá fi gbogbo ayé rẹ̀ wà. Wọ́n ní ó lè fi ẹ̀yìn ọkọ̀ ńlá wọ ihò abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ kékeré sún mọ́ ògiri mọ́.

"Bàámi, ẹ ò ṣe sún un mọ́ ògiri?"

"Àgbà ti dé," ni bàbá wí, ó fojú wo ọ̀run. "Ojú ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ojú tí ò ríran yìí kan náà ló rí ìṣó tó yọ lórí òrùlé láti ìta. Rewáyà mi orí, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sí àyè tó wà láàárín ọkọ̀ àti ògiri, níbi tó ti gbòòrò dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó fi fíúsì tuntun sí i. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Gíláàsì iwájú sọ̀ kalẹ̀, ó gòkè. Ti ẹ̀yìn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo bọ́tìnnì tí dírẹ́bà fi ń ti gíláàsì pa kí àwọn ọmọdé má fi ṣeré. Kò sí lórí títì. Ó tẹ èyí, ó tẹ ìyẹn, ó tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó di ìka mọ́ wọn lórí títí wọ́n fi kérora. Fíúsì ò mira. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ sítíárìn, ó gbọn àwọn wáyà ibẹ̀ jìgìjìgì. Fíúsì jókòó sáyè rẹ̀, ó ń wò ó.

"Ẹ̀ẹ̀kan tí mo fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé e," ni bàbá wí, "kò jó mọ́."

"Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ fẹ́ jó, Bàámi. Èéfín ti ń yọ ná." Inú Rewáyà kì í dùn tó bá rántí ọjọ́ yẹn. "Fíúsì tó jó kì í ṣe ọ̀tá yín. Òun ló kú dípò ọkọ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ di aláìlèkú, kí lẹ rò pé ó máa kú?"

Bàbá fọwọ́ bo ẹnu bí ọmọ tí wọ́n bá wí.

Rewáyà mọ̀ pé bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ibì kan wà tí wáyà kan ti ń fara kan irin ọkọ̀, níbi tí kò yẹ kó ti fara kàn án. Bí ó bá ti fara kàn án, iná á sáré gba ibẹ̀, fíúsì á sì já. Pípààrọ̀ fíúsì kò yàtọ̀ sí kéèyàn máa pa iná aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibo gan-an ni wáyà yìí wà? Kí sì ló dé tó jẹ́ ìyá òun nìkan ló ń jí i?

Ó ní kí bàbá fi ọkọ̀ gbé òun káàkiri àdúgbò. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀yìn, ibi tí ìyá máa ń jókòó sí. Ọdún tó kọjá ni ìyá dédé ṣí kúrò níwájú, tó ní òun ti di màdáámù, pé ẹ̀yìn ni àwọn màdáámù ń jókòó sí. Láti ìgbà náà ló ti ń pe ọkọ rẹ̀ ní Dírẹ́bà. Rewáyà gbé ara sókè sódò lórí àga náà, ó fi ẹ̀yìn lu ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì ìyá lé ẹsẹ̀. Gíláàsì ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gòkè. Wọ́n padà wálé, bàbá lọ gbé odidi àpò sìmẹ́ǹtì kan láti ẹ̀yìnkùlé, ó gbé e jókòó sórí àga bí àlejò pàtàkì, wọ́n tún lọ yípo. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí àpò sìmẹ́ǹtì náà lára lọ́tùn-ún lósì.

"Màámi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé a fi sìmẹ́ǹtì rọ́pò wọn o," ni Rewáyà wí.

"Ta ló fẹ́ kú?" ni bàbá dáhùn.

Kò wá sí ẹni tó kù mọ́ àyàfi ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Ìyá wà ní pálọ̀, ó ń ránṣọ. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ló wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà, èyí tó fi rán aṣọ ilé ìwé Rewáyà láti kékeré títí tó fi jáde, dúró sí kọ̀rọ̀, aṣọ funfun bò ó, ìkòkò òdòdó sì wà lórí aṣọ náà.

"Màámi, kí ló ṣe ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀?"

"Ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù."

Rewáyà fúnra rẹ̀ ló fi epo sí ẹ̀rọ náà lára láìpẹ́ yìí. Ológbò ò lè rìn jẹ́ẹ́ tó o. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ fíúsì, ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá.

"Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀, kí lẹ máa ń ṣe gan-an?"

"Mo máa ń jókòó." Ìyá já òwú pẹ̀lú eyín. "Àbí ọ̀nà míì wà tí wọ́n ń gbà wọ mọ́tò?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wọ̀ ọ́ kí n rí i."

"Mo ń ránṣọ, Rewáyà."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, Màámi. Tísà ò ní pẹ́ dé."

"Kó yáa tètè dé," ni ìyá wí. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, ó dìde. Ó rìn jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń fi ọwọ́ kan ògiri bí ẹni tó ń yẹ ọ̀dà ara rẹ̀ wò.

Rewáyà ti dá ọgbọ́n kan. Ó yọ fíúsì náà kúrò. Ó mú gílóòbù iná iwájú kan tó ti tú lára ọkọ̀ oníbàárà, ó so wáyà méjì mọ́ ọn nídìí, ó sì ki ẹnu wáyà méjèèjì bọ ihò tí fíúsì ti jáde. Ó ní kí bàbá yí kọ́kọ́rọ́ kí iná lè wọ gbogbo ara ọkọ̀, kí ó má sì tíì tan ẹ́ńjìnnì.

"Kí ni gílóòbù ń wá níbẹ̀?" Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọjú bí ọmọdé tó ń wo ihò òkété.

"Fíúsì, bó bá ti jó, ó ti jó. Kò lè sọ ẹni tó pa á. Gílóòbù kì í kú. Bí wáyà bá fara kan irin níbikíbi, ńṣe ló máa tàn, á sì máa tàn títí wáyà náà á fi kúrò lára irin. Ojú la máa fi rí i."

Bàbá wo gílóòbù náà, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń bọ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà díẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo páànù tó ti kàn tán.

Ìyá dúró ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó rí i pé ọmọ òun ń wo òun. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ṣí ilẹ̀kùn náà ní ìwọ̀nba tí èèyàn lè gbà kọjá, ó sì yọ́ wọlé bí ọmọge tó ń lọ síbi àsè. Ó ká ètè rẹ̀ mọ́nú. Nígbà tó jókòó tán, ó rẹ́rìn-ín sí wọn, omi sì ti wà níwájú orí rẹ̀.

Gílóòbù ò tàn.

"Ẹ rí i?" ni ìyá wí. "Ọ̀rọ̀ tí ò ní ìdí ni. Ẹ jẹ́ kí Tísà máa wà á lọ."

Ìrètí Rewáyà wọmi. Ó tún dùbúlẹ̀ bọ abẹ́ sítíárìn, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló kù níta, ó ń wò bóyá ẹnu wáyà ò mú dáadáa. Wọ́n mú. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ.

"Òǹgbẹ ń gbẹ mí," ni bàbá dédé wí, ó sì wọlé lọ kíákíá.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Rewáyà gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń ṣí. Ó ń ṣí, kò tíì dúró, ó ṣí títí ìdè rẹ̀ fi dún, kẹ̀ẹ̀. Iná funfun sì bẹ́ sí Rewáyà lójú.

Ó di ojú, ó tún là á. Gílóòbù náà ń tàn yanranyanran. Ayọ̀ gbé e dé ẹnu igbe, ṣùgbọ́n kí igbe tó jáde, ó yí ọrùn, ó wo àárín àga méjèèjì iwájú.

Ìyá rẹ̀ rò pé ẹnikẹ́ni ò rí òun. Ó ti fi gbogbo ara yíjú síta. Ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ orúnkún ọ̀tún, ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè bí ẹni gbé ọmọ tó sùn, ó sì rọra gbé e kalẹ̀ síta. Ó dúró, ó mí. Ó wá mú ẹsẹ̀ kejì jáde, ó di orí ilẹ̀kùn mú, ó ń fà á, ó ń dìde, ẹnu rẹ̀ sì ń mì láìsí ohùn. Nígbà tó dìde tán, ilẹ̀kùn sún padà díẹ̀. Iná gílóòbù náà kú.

Rewáyà ṣì dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó ti ń wá láti òwúrọ̀ ló rí yìí.

"Màámi."

Ìyá ta gìrì. "Ṣebí abẹ́ ibẹ̀ lo wà?"

"Láti ìgbà wo lorúnkún ti ń dùn yín?"

"Orúnkún ta ni?"

"Tiyín. Ti ọ̀tún."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Gílóòbù ni."

Ìyá wò ó bí ó ṣe jáde kúrò lábẹ́ sítíárìn, tí eruku bo orí rẹ̀. Ẹ̀rín kékeré kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi wọlé padà. Ó tún jókòó sí etí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta.

"Orúnkún ló kọ́kọ́ dun ìyá mi," ló wí. "Gbogbo àwa ọmọ dà bò ó. 'Ẹ jókòó, Màámi. Ẹ má dìde, Màámi, a máa bá yín mú un.' Ìfẹ́ la fi ṣe é o. Ó jókòó. Kò dìde mọ́."

Rewáyà lóṣòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"O ṣáà mọ bàbá ẹ. Bó bá fi gbọ́, kò ní jẹ́ kí n gbé ife omi. Nítorí náà, kí wọ́n ta ọkọ̀. Bí ò bá sí ọkọ̀, kò sẹ́ni tó máa rí bí mo ṣe ń wọ̀ ọ́."

"Màámi, kí wọ́n má baà mú yín jókòó, lẹ ṣe fẹ́ lọ jókòó fúnra yín?"

Ìyá wo ìkòkò òdòdó, ó wo géètì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra orúnkún rẹ̀ bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú.

"Mi ò ní sọ fún Bàámi," ni Rewáyà wí. "Ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ wò ó."

"A ó rí i."

Gbogbo ilé ló mọ "a ó rí i" ìyá. "Rárá" tó wọ aṣọ ni.

Rewáyà padà sídìí iṣẹ́. Láàárín òpó ọkọ̀ àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, rọ́bà kan wà tó rí bí ọ̀nà ọ̀fun, inú rẹ̀ ni àwọn wáyà ń gbà wọ ilẹ̀kùn. Ó tú rọ́bà náà. Wáyà kan ti bó lára níbẹ̀, kò ju ìwọ̀n èékánná lọ, bàbà inú rẹ̀ yọ síta, ó ń dán. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí díẹ̀, wáyà náà á ká jẹ́ẹ́ sínú rọ́bà. Bó bá ṣí dé òpin, á nà tantan, ojú egbò rẹ̀ á sì fara kan etí irin. Òun Rewáyà kì í ṣí ilẹ̀kùn dé òpin. Kò sẹ́ni tó ń ṣí i bẹ́ẹ̀, àfi ẹni tó nílò gbogbo àyè tí ilẹ̀kùn ní láti fúnni. Bàbá náà sì rèé, ìwà dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ò kúrò lára rẹ̀, á ti tan ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ tó wọlé. Iná ti ń dúró de wáyà.

Téèpù lásán ì bá tó o. Rewáyà fi téèpù sílẹ̀. Ó gé ibi tó bó náà kúrò, ó fi wáyà tuntun tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ so ó, kí ilẹ̀kùn lè lọ dé ibi tó bá wù ú láìfà á. Ó fi rọ́bà bo etí irin náà. Ó yọ gílóòbù, ó dá fíúsì padà sáyè rẹ̀.

Ó ń nu ọwọ́ nígbà tí Tísà wọlé, agboòrùn lọ́wọ́, fìlà lórí, ìrìn rẹ̀ ti le bí ti ẹni tó ti ní ọkọ̀. Bàbá jáde, ife omi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi náà ò dín.

"Ṣé o rí i?" ló bi Rewáyà.

"Mo rí i. Wáyà kan ló bó nínú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn."

"O ṣeun." Bàbá mi orí kánkán, kò sì béèrè ohunkóhun mọ́. Ìyẹn ya Rewáyà lẹ́nu. Bàbá tó máa ń béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe ìdérí ìgò, tó tún máa ń béèrè ẹni tó ṣe é, kò béèrè ohun tó bó wáyà.

Tísà jókòó nídìí sítíárìn, ó tẹ bọ́tìnnì, gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jíṣẹ́ fún un. "Ó dára. Ó dára gan-an ni. Ṣé ẹ ṣì ń tà á?"

Gbogbo wọn yíjú sí ìyá. Ìyá ò kánjú. Ó wo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó wo Rewáyà.

"Tísà, ẹ má bínú," ló wí. "Èmi àti ọkọ̀ náà ti parí ìjà."

Tísà mí kanlẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àti ọkọ̀ lẹ jọ jà, ẹsẹ̀ mi ló wá jìyà ẹ̀." Ó ṣí agboòrùn rẹ̀, ó juwọ́ sí wọn, ó ń kùn jẹ́jẹ́ bó ṣe ń jáde ní géètì.

"Dírẹ́bà!" ni ìyá pè, ohùn rẹ̀ ti padà sípò. "Gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó ti yá, Màdáámù." Bàbá gbé ife kalẹ̀. Ó họ ẹ̀yìn etí rẹ̀. "Ṣùgbọ́n tí kò bá ní bí ẹ nínú, ká kọ́kọ́ yà ní ilé ìwòsàn. Orúnkún mi kan ni. Ó ti ń dùn mí láti ìjọ́ yìí."

Rewáyà yíjú sí i. Ọkùnrin tó bẹ́ láti orí àkàsọ̀ lówùúrọ̀ yìí, tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì lódindi!

"Orúnkún?" Ìyá ti gbàgbé eré màdáámù. "Láti ìgbà wo? Ẹ wá ń gbé e pa mọ́ fún mi! Ṣé èèyàn báyìí náà lẹ wá dà?"

"Mo rò pé o máa ní kí n jókòó sílé ni."

Ìyá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ta ló máa ní kẹ́ ẹ jókòó sílé?" ló wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó. Bí wọ́n bá ń wo tiyín, wọ́n á kúkú ta ojú sí tèmi náà."

"Ìyẹn náà ò burú," ni bàbá dáhùn, ó sì ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wọ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Bàbá gbé ojú rẹ̀ sí géètì níwájú, ó dì í mọ́ ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Rewáyà ti la ẹnu láti wí ohun tó máa ń wí fún un ní gbogbo ìgbà tó bá bá wọn nílé, pé ọkọ wo ló ń wo iwájú bẹ́ẹ̀, tí ò lè sọ̀ kalẹ̀ kó bá ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sí àyè tó wà láàárín ọkọ̀ àti ògiri. Bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá ṣí dé òpin, àyè náà á gbà á, á sì ṣẹ́ ku ibi tí obìnrin kan lè dúró sí kó yí ara rẹ̀ padà láìfi ìgúnpá kan ògiri. Kò lé, kò sì dín. Dírẹ́bà tó ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ ńlá wọ ihò abẹ́rẹ́ ló ń wọn àyè yìí lójoojúmọ́, tó sì ń jẹ́ kí gbogbo ilé máa fi òun rẹ́rìn-ín pé àgbà ti dé.

Bàbá ti mọ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti ń sùn láàárín àgbàlá ló ti mọ̀. Omi lé ròrò sí Rewáyà lójú.

Àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú àyè náà. Ó gbé e kúrò.

"Kí lò ń wò?" ni ìyá bi í, ọwọ́ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn.

"Kò sí nǹkan, Màámi."

Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpótí náà, ó ń to àwọn irinṣẹ́ tó ti tò tẹ́lẹ̀. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí dé òpin. Ó gbọ́ èémí ìyá rẹ̀, ó sì gbọ́ tí súfèé bàbá rẹ̀ ga sí i díẹ̀ kó lè bo èémí náà mọ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn pa dé. Gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn ló tó yíjú padà, ó sì juwọ́ sí wọn.